Ṣé kí a fa rọ́bà èémí dífírẹ́ńṣà sókè ni, àbí kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í tán láàrin àwa tí a ń fi típà kó yanrìn létí odò Ògùn ní Abẹ́òkúta. Dífírẹ́ńṣà ni ilé jíà tó wà láàrin àwọn táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá ti gbóná, tó sì bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò súnkì, yóò sì máa fa nǹkan wọlé. Bí ihò èémí rẹ̀, ìyẹn ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde, bá wà lábẹ́ omi tàbí tí ẹrẹ̀ ti dí i, omi ni yóò fà, pàápàá láti ibi tí síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ti jẹ.

Owó rọ́bà tí a fà láti ihò náà dé ẹ̀yìn káàbìn kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń ná an. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ ń gba owó ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò lè wo síìlì tó ti ya sàn, kò sì lè lé omi tó ti wọlé jáde. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dífírẹ́ńṣà wò: bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la, nítorí pé ìpẹtà kì í pẹ́ mú bẹ́árìn.

Ẹni tó ń wọ odò lójoojúmọ́ ni rọ́bà yẹ jù. Ẹni tó jẹ́ pé títì ọlọ́dà ló ń rìn, tí àgbàrá kàn ká mọ́ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lè fara mọ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì.