Pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn Hilux àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún mi ní Kabba: ó tẹ́ mi lọ́rùn, àyàfi ti fóòmù

Okun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa mọ́tò àtijọ́ lágbègbè wa yìí. Hilux bàbá mi, ti 1982, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì dára, àmọ́ páálí inú ilẹ̀kùn ẹ̀ ti mu omi títí ó fi wú, ó ń já wẹ́wẹ́ sórí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó, eruku ọ̀nà Obajana sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Tuntun ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, tòkúnbọ̀ tí mo rí ò sàn ju tèmi lọ, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń rán síìtì mọ́tò ní Kabba, mo ní kó fi pláíwúùdù ṣe òmíràn.

Bí páálí àtijọ́ yẹn ṣe rí jákujàku tó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dà á nù o." Ó tẹ́ ẹ sórí pláíwúùdù, ó fi bírò fa etí ẹ̀ àti ojú ihò kílíìpù kọ̀ọ̀kan tó ń di páálí mọ́ ilẹ̀kùn, ibi tó ti jẹrà ó fi kátọ́ọ̀nù wọ̀n ọ́n lára ilẹ̀kùn gan-an. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kàn yí i dé ni. Mìlímítà 3 ni pákó náà, odidi kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ṣe ilẹ̀kùn méjèèjì, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wo iwájú. Ọ̀gá yìí kun fáníìṣì sẹ́yìn àti etí pákó náà yí ká, tó fi dé inú ihò kílíìpù, kó tó bò ó. Omi òjò tó ń ṣàn lára gíláàsì, inú ilẹ̀kùn ló ń wọ̀, ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ló ń gbà jáde, bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò nìyẹn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Náílọ́ọ̀nù tó wà láàárín irin àti páálí ni kì í jẹ́ kí omi yẹn kan páálí, ṣùgbọ́n tí mẹkáníìkì bá ti tú ilẹ̀kùn tún wáíńdà tó ń gbé gíláàsì ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á fà á ya, wọ́n á jù ú nù, bí tèmi ṣe jẹrà nìyẹn. Ọ̀gá gé náílọ́ọ̀nù tuntun tó nípọn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó ki ìsàlẹ̀ ẹ̀ bọnú ilẹ̀kùn kí omi lè máa já síbẹ̀, ó wá fi wáyà tú àwọn ihò ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o, kò sì bu owó lé e.

Lẹ́dà tó fi bo iwájú pákó náà dára lójú mi. Ó pa gọ́ọ̀mù sára pákó, ó pa á sẹ́yìn lẹ́dà, ó fi wọ́n sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù ò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kó tó pa wọ́n pọ̀. Kò sí ibi tó ká jọ.

Fóòmù ló bí mi nínú. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ fi èyí tó nípọn sábẹ́ lẹ́dà torí ó máa ń wuyì, ìgbà tó wá kan ọwọ́ wáíńdà, irin ẹ̀ ò yọ síta tó, kílíìpù kékeré tó rí bíi pátákò ẹṣin tó ń di ọwọ́ náà mú ò ráyè bọ́ sójú ẹ̀, tó o bá yí i lẹ́ẹ̀mejì á yọ sí ẹ lọ́wọ́. Wọ́n ní á tẹ̀ tó bá yá. Mo ní rárá o, ẹ ṣí i. Wọ́n ṣí i lóòótọ́, wọ́n gé fóòmù ibẹ̀ kúrò roboto, ó sì dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ti yẹ̀ kọjá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kó ọwọ́ wáíńdà àti kílíìpù àtijọ́ yín dání, ẹ fi wọ́n wé tuntun kẹ́ ẹ tó sanwó, ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kẹ́ ẹ sì sọ ti fóòmù kí wọ́n tó gbé gọ́ọ̀mù.