Ilé páńẹ́ẹ̀lì tí ọmọ mi rà sí Ìpájà, lójú bíríkìlà

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: kò sí èrè kankan fún mi nínú yíyin ilé tí kò jẹ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní òun àti ọkọ òun fẹ́ ra ilé tí wọ́n ti ṣe ní ilé-iṣẹ́, mo bi í pé, "Ṣé inú kọ́ńténà lẹ fẹ́ máa sùn ni?" Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe kọ́ńténà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná." Mo ti wò ó wàyí. Wọ́n ti lo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò nínú rẹ̀.

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, pẹ̀lú kíṣínì àti balùwẹ̀, lórí ilẹ̀ tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn ní Ìpájà. Tírélà kan ló kó gbogbo rẹ̀ dé. Egungun ilé náà jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi síńkì bò. Ògiri rẹ̀ jẹ́ páànù méjì tí fóòmù líle wà láàárín wọn, bí búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹyin sí nínú; òun ni wọ́n ń pè ní páńẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin méjì péré ló ń gbé ògiri kan, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí búlọ́ọ̀kù náìnì ti sọ ẹ̀yìn mi dà báyìí, mo kàn ń wò wọ́n.

Èmi ni mo ṣe ìpìlẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ògiri bá yẹ̀ ní ínṣì kan, pilásítà á bo àṣírí. Irin tiwọn kò gba ìyẹn. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti lu ihò sí i nísàlẹ̀, irin tí mo rì sínú kọnkéré sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò náà gẹ́lẹ́. Ọmọdékùnrin tí wọ́n rán wá, tí kò tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí, fi téèpù wọn ilẹ̀ láti igun dé igun, ó tún wọn án láti ìdàkejì. Ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ó dùn mọ́ mi ju owó lọ.

Nítorí pé ilé ọ̀hún fúyẹ́, irin tí mo kó sínú ìpìlẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àbàtà, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Èkó ṣe rí, ibẹ̀ ló ti máa jèrè jù. Ilé búlọ́ọ̀kù tó wúwo lórí ilẹ̀ rírọ̀ á máa rì, ògiri á sì máa là.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó, torí òun ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀: ilé tí mẹ̀kúnnù lè rà. Mo jókòó, mo ṣírò ohun tí màá ná lórí irú ilé kan náà, láti orí yanrìn dé orí owó lébìrà. Tiwọn dín sí tèmi, àmọ́ kò dín tó bí ẹnu wọn ṣe sọ ọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti kó irin àti fóòmù rẹ̀ wá. Bí dọ́là bá gbéra, ilé náà á gbéra. Ìpìlẹ̀, sọ́kàwéè, bóòhóòlù, kò sí èyí tó bá tírélà wá nínú wọn. Ilẹ̀ ńkọ́? Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìyẹn. Ká ní ọmọ mi ní láti ra pulọ́ọ̀tì ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àkókò ni wọ́n jèrè: oṣù kò yí tí ilé fi dúró, owó ilé ọdún mìíràn, owó àjẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì sì wà lápò wọn. Kò sì sí àpò sìmẹ́ǹtì tó fẹsẹ̀ rìn lóru. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì máa ń rìn.

Pípọ̀ ló ń mú kí nǹkan ilé-iṣẹ́ dínwó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú ilé báyìí tó lé ní 150,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó rọ ọ́. Nílé wa níbí, ilé Jákàńdè tí wọ́n kọ́ láàárín 1979 sí 1983 kò ti inú tírélà wá, àmọ́ pẹ́lánù kan náà ni wọ́n ń tún kọ́ léraléra. Ẹni tó ra ẹyọ kan bíi ti ọmọ mi, owó ẹyọ ló san. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá ní ilẹ̀, tí wọ́n sì béèrè ogójì lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni màá gbà pé ti mẹ̀kúnnù ni.

Ooru ni gbogbo ènìyàn ń bi mí. Ìbẹ̀rù yẹn ti pẹ́ l'Ékòó: Richard Burton, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibí ní 1861, fi ilé páànù tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn, ń gbé wé pósí tí òkú kọ́ńsù kan máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Tòde òní ní fóòmù. Mo fọwọ́ kan ògiri nínú lọ́sàn-án gangan, kò gbóná. Ti búlọ́ọ̀kù ló máa ń mu oòrùn lọ́sàn-án, tí á máa pọ̀ ọ́ jáde lóru. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì kan ìṣó sí ibi tó bá wù yín láti fi gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́, ó di ibi tí irin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ béèrè irú fóòmù tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn ń jó, èéfín rẹ̀ sì burú. Èyí tí wọ́n fi òwú òkúta ṣe, ìyẹn òkúta tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fà bí òwú, kì í jó, àmọ́ ó wọ́n. Ọmọ mi kò béèrè kí ó tó sanwó. Kíṣínì nìkan ni wọ́n padà lo òwú òkúta sí, ó sì fowó kún un.

Ẹni tó tà á ní ilé tó ṣeé tú kò nílò pámíìtì, ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé. A gba pámíìtì. Òjò àkọ́kọ́ jò lójú fèrèsé kíṣínì. A pè wọ́n títí kí wọ́n tó wá fi sílíkọ́ọ̀nù dí i, láti ìgbà náà kò jò mọ́.

Títí di ìsinsìnyí, ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí ìpẹtà: ibi tí pọ́ńbà ti gé páànù kí páìpù lè kọjá. Mo ti fi ọ̀dà síńkì kùn ún. Àwọn tó wà lẹ́bàá òkun ní ìhà Lẹ́kí kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tó bá pupa kí wọ́n tó kun gbogbo ojú gígé.