Pupuru Nínú Bàálù: Mo Fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Bàálù Ní Ìràwọ̀ Mẹ́rin Nínú Márùn-ún

Iṣẹ́ AC ni mo fi ń jẹun ní Ìjọ̀kà níbí ní Àkúrẹ́, láti ìgbà tí mo ti ṣe fírídọ̀mù. Imú ni mo fi ń ṣe é ju ojú lọ. Kí oníbàárà tó parí ọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ bóyá wáyà ló ń jóná àbí eku ló kú sínú fáànù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú bàálù tí mo wọ̀ lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo kọ́kọ́ gbórí sókè.

Òórùn méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé, èkejì jẹ́ èéfín. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Ara ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ bàálù ti ń fa afẹ́fẹ́ tí èrò ń mí sínú, àfi irú Boeing 787. Bí ọ́ìlì bá jò síbẹ̀, bí ìbọ̀sẹ̀ ìdọ̀tí ló máa ń rùn. Èéfín yẹn ló tún wá mú mi rántí bàálù Swissair 111, ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. Àwọn awakọ̀ gbọ́ òórùn, AC ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Iná ni, lókè àjà. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 lọ tó fi já sínú òkun ní Kánádà, èèyàn 229 sì bá a lọ. Gbogbo wa tó ń ṣe AC ló yẹ kó mọ ìtàn yẹn.

Mo nawọ́. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò dé. Kò sọ pé "kò sí nǹkan kan, sà." Ó ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ ọ, sà? Apá ibo ló ti ń wá? Ṣé ó ń pọ̀ sí i?" Bí mo ṣe máa ń bi oníbàárà gan-an nìyẹn! Ó yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara bàálù níbí, níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́: òun ló ń tètè mọ ooru, bó bá sì jó, àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà fún iṣẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ ti wà lórí fóònù pẹ̀lú awakọ̀, ó sì fi agolo panápaná pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ kí a má baà rí i. Èmi rí i.

Ọ̀gbẹ́ni kan pariwo pé kí wọ́n já ìbòmú sílẹ̀ fún wa. Ọmọbìnrin náà fi sùúrù dá a lóhùn pé ìbòmú èrò máa ń pa afẹ́fẹ́ inú bàálù pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, nítorí náà kò lè dí èéfín. Ti awakọ̀ ló yàtọ̀. Ó ní kí kálukú wo fóònù àti páwà báǹkì rẹ̀ bóyá ó gbóná.

Àpótí kẹta tó ṣí lókè orí, òórùn náà já lù wá. Àpò Ghana-must-go kékeré ni.

"Pupuru mi ni, ọmọ mi," ni ìyá àgbàlagbà kan láti ìhà Òkìtìpupa wí. "Àná ni wọ́n sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ títí ó fi kan, tí wọ́n wá yí bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ: ìbọ̀sẹ̀ àti iná pé sójú kan! Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, a kàn fẹ́ dì í dáadáa ni." Ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú méjì wé e, ó so ó, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó dójú ti ìyá.

Èèyàn kan lẹ́yìn mi ní AC wọn ò ṣiṣẹ́, nítorí pé òórùn náà ò tètè lọ. Ó ń ṣiṣẹ́. Asẹ́ HEPA inú bàálù ń mú eruku àti kòkòrò àrùn, kì í mú òórùn. Afẹ́fẹ́ tuntun ló ń lé e lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wá jẹ ìràwọ̀ kan? Èèbó ni awakọ̀ fi sọ̀rọ̀, ó sì sáré sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ ti ń gbàdúrà. Àwọn tó wọn ẹrù ní Àkúrẹ́ náà, imú wọn ńkọ́? Wọ́n lè ti fún ìyá ní náílọ́ọ̀nù níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni òṣìṣẹ́ wọn kan ní Èkó tó di imú níwájú ìyá nígbà tó ń gbẹ́rù. Kí ọ̀gá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá fún mi ní pupuru kan nítorí mo bá a gbé àpò. Mo gbé e dé Alábà tí mo ti fẹ́ ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Mi ò tíì jókòó tí oníṣọ́ọ̀bù fi dìde, tó ń wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ òórùn kan ni?"