Dígí Foturan II fún léésà femtosecond: ààrò ló ń sọ bí iṣẹ́ yóò ti rí

Foturan II ni dígí tí ilé-iṣẹ́ SCHOTT ní Jámánì ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ la ihò àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú dígí láìfi irin gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ní léésà tó ń kọ mànà fún ìwọ̀n femtosecond (fs: ìṣẹ́jú-àáyá kan tí a pín sí mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù) lè kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí àárín dígí yìí gan-an, láìjẹ́ pé òkè rẹ̀ bàjẹ́. Ó yẹ ní rírà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra léésà olówó gọbọi nítorí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ààrò tí ẹ ó fi yan dígí náà lẹ́yìn kíkọ, kí ásíìdì tó jẹ ihò jáde, wò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́.

Silica ló pọ̀ jù nínú dígí yìí, lithium oxide tẹ̀ lé e, fàdákà tí wọ́n pò mọ́ ọn kò sì ju 0.05 sí 0.15% lọ. Cerium (irin kan tí ìmọ́lẹ̀ ń ràn) inú rẹ̀ tún kéré jù bẹ́ẹ̀. Ní ìlànà àtijọ́, ìtànṣán ultraviolet tó sún mọ́ 310 nm (nanometer, tí a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n ń tàn sí i: cerium á jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́ktírọ̀nù kan, fàdákà á gbà á, á sì di átọ́ọ̀mù. Ìmọ́lẹ̀ 800 nm tàbí 1030 nm kì í ṣe dígí náà ní nǹkan kan bó ti ń là á kọjá, àfi ní ojú ibi tí lẹ́ńsì bá kó o jọ sí. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ photon (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) á dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á já ẹ̀lẹ́ktírọ̀nù kúrò lára dígí fúnra rẹ̀, kò sì di dandan kí cerium dá sí i.

Fún kíkọ, ìkọmànà tí kò gùn ju 100 sí 400 fs lọ tó, pẹ̀lú lẹ́ńsì tí NA rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó) wà láàrin 0.4 sí 0.5, kí agbára ìkọmànà kọ̀ọ̀kan má sì tó 1 µJ (ìdá kan nínú mílíọ̀nù joule). Ẹ fa ìlà bíi mẹ́wàá sórí ègé kan, kí agbára máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti orí ọ̀kan dé èkejì. Ẹ yan ègé náà nínú ààrò, kí ẹ wá mú agbára tó kéré jù nínú àwọn tó yọ àwọ̀. Agbára àpọ̀jù máa ń sán dígí wẹ́wẹ́ nínú, ásíìdì á sì gba ojú sísán náà lọ síbi tí a kò rán an. Ẹ tún mọ̀ pé ojú tí ìmọ́lẹ̀ kó jọ sí gùn sókè-sódò ju bó ṣe fẹ̀ lọ, nítorí náà ihò tí ẹ retí pé yóò rí róbótó á wá rí bí ẹyin. Pátákó aláyè tóóró tí ẹ bá fi síwájú lẹ́ńsì, kí àyè rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà tí ìlà ń tọ̀, ló ń tún èyí ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ààrò. Ẹ gbé ooru sókè ní 5°C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 500°C, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn átọ́ọ̀mù fàdákà á wá ara wọn rí, wọ́n á di ìṣù kéékèèké, ibi tí léésà kàn á sì pọ́n bí oyin. Bí àwọ̀ yìí kò bá yọ, ẹ má fi ásíìdì ṣòfò: ìmọ́lẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà, 3°C ní ìṣẹ́jú kan dé 605°C, wákàtí kan mìíràn, kí kírísítálì lithium metasilicate lè hù yí fàdákà ká. Kírísítálì yìí ni ásíìdì fẹ́ràn láti jẹ.

Nǹkan bíi 455°C ni dígí yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìgbésẹ̀ méjèèjì sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí amọ̀ ààrò lásán, yóò tẹ̀, yóò sì gba àpá. Àárín pátákó fused silica (dígí silica pọ́ńbélé) méjì tó dán ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ gbé irin tó ń wọn ooru sún mọ́ dígí, kì í ṣe ara ògiri ààrò. Bí ooru bá kọjá ààlà, kírísítálì á tóbi, ara ihò á rí gbágungbàgun. Bó bá tún ga sí i, lithium disilicate ló máa hù, ásíìdì kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ìyẹn. Ní ilé-iṣẹ́ dígí Corning ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1950, ààrò onímọ̀ ìjìnlẹ̀ S. Donald Stookey gòkè dé 900°C dípò 600°C. Ohun tó yọ jáde funfun, ó bọ́ sílẹ̀ kò fọ́. Ibẹ̀ ni glass-ceramic (dígí tí kírísítálì kún inú rẹ̀) ti wá. Ìyẹn dára fún ìkòkò, kò dára fún iṣẹ́ tiwa.

Ásíìdì hydrofluoric 10% ló ń jẹ ojú ihò, nínú agbada ultrasonic (èyí tí ìró tí etí kò lè gbọ́ ń mì). Ó ń yára jẹ ibi kírísítálì ju ibi tó kù lọ ní ìlọ́po bíi 20, ibí sì ni àbùkù ńlá Foturan wà. Kí ihò tó gùn dé 1 mm, ẹnu rẹ̀ á ti fẹ̀ sí i ní bíi 50 µm (0.05 mm) ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á dà bí ẹnu kàkàkí. Ẹ kọ ẹnu ihò ní tẹ́ẹ́rẹ́ ju inú lọ, tàbí kí ẹ dá ẹnu míì sí i lójú ọ̀nà, kí ásíìdì lè ti ibi púpọ̀ wọlé. Ike polyethylene tàbí PTFE ni kí ẹ lò, kí jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate (oògùn tí a ń fi pa ibi tí ásíìdì yìí bá kàn lára) wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má dá ṣe é. Ásíìdì yìí máa ń wọ ara dé egungun kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára.

Bí ìmọ́lẹ̀ yóò bá gba inú ihò kọjá, 570°C fún wákàtí 5 lẹ́yìn ásíìdì máa ń mú kí ara rẹ̀ dán.

Fún kòtò gbígbòòrò, ihò kúkúrú àti lẹ́ńsì kéékèèké tó wà nínú dígí kan náà, Foturan II ni kí ẹ mú. Bí ihò yín bá gùn ju mílímítà mélòó kan lọ láìsí ẹnu lójú ọ̀nà, tàbí tí ohun tí ẹ ń ṣe máa ń gbóná kó tún tutù lójijì, ẹ gba fused silica. Kò nílò yíyan rárá, potassium hydroxide sì ń ṣa ibi tí léésà kàn jẹ nínú rẹ̀ ju bí ásíìdì ti ń ṣe nínú Foturan lọ. Kíkọ rẹ̀ kàn ń fa àkókò, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ polarization léésà (ìhà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mì sí) ní gbogbo ibi tí ìlà bá ti yà.