Ètò rédíò tó ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró: àgbéyẹ̀wò The Life Scientific

Ìyá kan gbé aṣọ ẹbí wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, tí mo fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Ẹ̀yin télọ̀, ṣé dáadáa ni?" Mo ní dáadáa ni. Ohun tó wà létí mi ni kò jẹ́ kí n lè ránṣọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí ọkùnrin kan tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, tó ti di ọ̀gá àgbà yunifásítì ní New York, ṣe wá mọ̀ pé obìnrin tí òun ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré ni ìyá tó bí òun lọ́mọ.

The Life Scientific ni orúkọ ètò náà. Radio 4 ti BBC ló ń gbé e jáde láti oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọkùnrin yẹn, Paul Nurse, ló sì jẹ́ àlejò àkọ́kọ́. Nǹkan bí iṣẹ́jú 28 ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan á jókòó, wọ́n á bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á bi í nípa ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Jim Al-Khalili ló ń béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ni òun náà ní Yunifásítì Surrey. Baghdad ni wọ́n bí i sí ní 1962, ará Iraq ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ọdún 1979 ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Britain. Nígbà tó fi di 2024, ètò náà ti pé 300.

Èmi ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní pólì, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún méjì kí n tó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà wù mí, ó sì ń bọ́ mi. Àmọ́ físíìsì ò kúrò lọ́kàn mi. Fọ́múlà ni wọ́n fi kọ́ wa. A mọ òfin Ohm, a mọ òfin Hooke, a fi yege ìdánwò, kò sẹ́ni tó sọ fún wa bóyá ebi pa àwọn tó ni orúkọ yẹn rí, tàbí ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí ètò yìí fi mú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ. Lálẹ́ ni mo máa ń gbà á sórí fóònù, màá wá gbọ́ ọ láàárọ̀ kí oníbàárà tó pọ̀. Etí kan ni mo fi ń gbọ́ ọ, mo fi etí kejì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, torí bí òwú bá fẹ́ já, ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ máa ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti Nurse. Ilé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kó tó wọ yunifásítì, wọ́n ní àfi kó yege nínú èdè Faransé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe ìdánwò náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fìdí rẹmi, ló bá lọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ọtí ná. Ìwúkàrà ló padà gbé e dé ibi gíga. Èyí tó fi ṣiṣẹ́, pombe ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí ọtí, torí inú ọtí jéró Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Inú ìwúkàrà yìí ló ti rí jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ara, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí ara fi dá, pé ó tó àkókò láti pín sí méjì. Ní 1987, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé irú rẹ̀ gan-an wà lára èèyàn. Ẹni tó bá ti rí aláìsàn jẹjẹrẹ, tó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láìdúró ló ń fa gbogbo rẹ̀, á mọ ìdí tí wọ́n fi fún un ní Nobel ní 2001.

Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ohun tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ kò mọ òbí ara rẹ̀. Ó ń wá ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ìbí tó mú wá kò ní orúkọ òbí nínú. Ó kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi èyí tó kún ránṣẹ́. Nígbà tó dé, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìyá sí. Ibi tí wọ́n ń kọ ti bàbá sí ṣófo. Àwọn tó ń pè ní bàbá àti ìyá, òbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti kú. Kò sẹ́ni tó máa bi léèrè mọ́.

Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tí mo dàgbà sí. Ọmọ ń pe ìyá àgbà ní Mọ́mì, ó ń pe ẹni tó bí i ní Sistà. Gbogbo àdúgbò mọ̀, ọmọ nìkan ni kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń wí lábẹ́lẹ̀ ni, tí àgbà á fi ojú lé ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń pè ní Sir, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ ohun tó jẹ lánàá. Ara mi bù máṣọ.

Àmọ́ èyí tí mo gbọ́ jù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún báyìí, ni ti Jocelyn Bell Burnell, obìnrin tó ń wádìí nípa ìràwọ̀. Northern Ireland ni wọ́n bí i sí ní 1943. Nígbà tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n pín kíláàsì sí méjì. Àwọn ọmọkùnrin gba yàrá sáyẹ́ǹsì lọ, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ oúnjẹ sísè àti abẹ́rẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ yarí, ni wọ́n bá jẹ́ kó wọ yàrá sáyẹ́ǹsì. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun o, mo sì ń fẹ́ kí ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n lò. Kí wọ́n má fi ti ilẹ̀kùn kejì mọ́ ọn lójú ni mo ń wí.

Ní Cambridge, ó tó ọdún méjì tí òun àtàwọn díẹ̀ fi ń ri òpó mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fa wáyà, lórí ilẹ̀ éékà 4.5, láti fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ìró rédíò láti ojú ọ̀run. Òpó náà lé ní 1,000, wáyà rẹ̀ gùn tó máìlì 120, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òòlù ńlá gbá òpó wọlẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá gbọ́ láti ojú ọ̀run, yíǹkì ló fi ń fà á sórí bébà. Bébà yìí ń tú jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 lójúmọ́. Ojú ló fi ń kà á, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti dá ẹ̀rọ dúró, tí mo mú tépù. Ẹsẹ̀ bàtà 100 lé díẹ̀ ní ọ̀pá 33. Ìdì àńkárá kan, ọ̀pá mẹ́fà ni. Ó túmọ̀ sí pé ìdì àńkárá márùn-ún ààbọ̀ ló ń tú lójoojúmọ́, tó ń fi ojú tọ̀ ọ́ láti etí dé etí, tó ń wá ibi tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ kò ti bára mu.

Ohun tó rí kò ju ìdámẹ́rin íńṣì lọ nínú bébà ẹsẹ̀ bàtà 400. Télọ̀ ló yẹ ká bi léèrè ohun tí ìdámẹ́rin íńṣì jẹ́. Òun ni mo máa ń fi sílẹ̀ létí kọ́là. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹni tó máa wọ aṣọ náà lè máà rí i, àmọ́ ojú mi kò ní kúrò níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Ó rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ rí, ní igun kan náà lójú ọ̀run. Ó mú kí bébà sáré kí àmì náà lè fẹ̀, ló bá rí i tó ń lù kì, kì, kì bí ọkàn èèyàn, ìṣẹ́jú-àáyá 1.3 sí ara wọn, kò yẹ̀. Ọdún 1967 nìyẹn. Ìràwọ̀ tó ti kú ni, tó fún pọ̀ di kókó kékeré, tó ń pòòyì. Pulsar ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì kéde rẹ̀ fáráyé ní oṣù kejì ọdún 1968.

Nígbà tí Nobel dé ní 1974, Antony Hewish tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àti Martin Ryle ni wọ́n fún. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lórí rédíò, kò sí ìkorò kankan lóhùn rẹ̀. Èmi tí mo jókòó n'Ìbàdàn ni inú ń bí. Ọdún méje lẹ́yìn ètò yẹn, ní 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù 3 dọ́là, gbogbo rẹ̀ ló gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn tí irú wọn kò wọ́pọ̀ nídìí físíìsì.

Ti Peter Higgs, onímọ̀ físíìsì tó wá síbẹ̀ ní 2014, kò dùn tó bẹ́ẹ̀ létí, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu ni. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ ọ. Èérún tíntìntín tó kọ sílẹ̀ ní 1964 pé ó yẹ kó wà, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Higgs boson, ọdún 2012 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá kan ní Yúróòpù, rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde Nobel rẹ̀ ní 2013, ó jáde lọ jẹun ọ̀sán, kò ní fóònù alágbèéká, ojú títì ni aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ kan ti kí i kú oríire. Ó kú ní 2024 ní ẹni ọdún 94. Ohùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe ń dúró kó tó dáhùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára Al-Khalili ni pé ó mọ ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè tó ń béèrè, àmọ́ kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àlejò. Bí àlejò bá sọ èdè tó le jù, á ní kó tún un sọ kí ará ilé lè gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá dé orí rédíò, oyè rẹ̀ la kọ́kọ́ máa kà títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi í nípa ìjọba, nípa owó epo, wọ́n á ní kó gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú. Yóò lọ sílé, a ò ní mọ ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún wò. A ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ a kì í bi àgbà bóyá òun náà ṣìnà rí. A gbà pé ìwọ̀sí ni.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà. Iṣẹ́jú 28 ti kéré jù. Ìgbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó dáadáa sínú ọ̀rọ̀ ni àkókò máa ń tán. Nínú àwọn tí mo gbọ́, àwọn tó ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà kò pọ̀ tó. Mo tún ń fẹ́ gbọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tó ń fọ ìgò àyẹ̀wò, torí àwọn náà ní ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ a máa yára, pàápàá tí àlejò bá jẹ́ ará Scotland. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un.

Bàbá kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, oníbàárà mi ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gé ṣòkòtò fún wọn, mi ò mọ̀ ju pé Prof ni wọ́n lọ. Lóṣù tó kọjá, mo gbé àga fún wọn, mo ní, "Prof, ẹ má bínú o. Kí lẹ rí lọ́mọdé tí ẹ fi lọ ń kọ́ nípa kòkòrò?"

Wọ́n wò mí títí. "Ta ló ní kó o bi mí?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ẹ̀wà ni, Ìyá Tọ́lá. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà. Lọ́dún kan, wọ́n ra àpò mẹ́jọ pa mọ́ kó lè wọ́n kí wọ́n tó tà á. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, ìyẹ̀fun ló ń dà. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò rí kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí. Mo ní kòkòrò yìí, màá mọ̀ ọ́."

Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ bu ẹ̀wà díẹ̀ wá lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á níwájú wa. Wọ́n dà á sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, wọ́n fi ìka yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú ọ̀kan sún mọ́ ojú mi. Mo rí nǹkan funfun kan lórí awọ rẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́ onídodo. "Ẹyin nìyẹn. Orí awọ ni ìyá rẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ á gbẹ́ ẹ wọlé láti abẹ́ ẹyin, o ò ní rí i. Ìgbà tó o bá fi rí ihò roboto, ó ti jẹun yó, ó ti jáde lọ." Wọ́n ṣàlàyé àpò onípele mẹ́ta fún mi, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Tí wọ́n bá so ó pinpin, kòkòrò fúnra rẹ̀ ló máa mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè bí sí i, kò sì sí oògùn kankan níbẹ̀.

Mo ní, "Ṣé Mama lo àpò náà?"

"Wọ́n ti lọ kó tó dé."

Ṣòkòtò wọn wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Wákàtí méjì ni wọ́n lò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lórí Bell Burnell, kó wá lọ sórí Nurse. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní èdè Yorùbá, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Prof ń bọ̀ wá gbé ṣòkòtò wọn ní Sátidé. Mo ti tọrọ àyè pé kí n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbà. Wọ́n ní àwọn á mú fọ́tò ìyá àwọn dání.