Ẹ Ṣọ́ra O: Fáànù Tí Mo Gbé Lọ Ni Wọ́n Tún Tà Fún Mi

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo ínfátà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé fáànù rẹ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Owó mi ti lọ. ₦56,000 ni gbogbo ẹ̀, n kò tíì ka owó ọkọ̀. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Aránṣọ ni mí ní Ṣómólú. Fáànù kékeré ẹ̀yìn ínfátà mi, èyí tó ń fẹ́ ooru inú rẹ̀ jáde, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àárọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ké, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, tó bá yá a dákẹ́. Nígbà tó ṣe, kò dákẹ́ mọ́. Ọmọṣẹ́ mi kan ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kán ọ́ìlì máṣíìnì sí i." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ ba ínfátà olówó iyebíye jẹ́ fún mi ni. Ike ọ́ìlì náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ara mi.

Bí a ṣe tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, mo di fáànù sínú nylon, mo wọ dáńfó láti Onípanu lọ sí Ìkẹjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oòrùn mú gan-an. N kò tíì wọ Ọ̀tìgbà, òpópónà Computer Village, dáadáa tí ọkùnrin kan fi di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, kí lẹ ń wá? Ẹ wá síbí, ọmọ yín ni mí." Ó pè mí ní Mọ́mì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó fún mi ní àga. Ó fún mi ní omi tútù. Ẹ má wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n o, ogún ọdún ni mo ti fi ń ra ọjà ní Balógun, wọn kì í yan mí jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún èèyàn ní omi nínú ooru, tó ń bi í léèrè àwọn ọmọ, ta ló máa rò pé olè ni?

Ó fi ìka yí fáànù mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti kú, ojúlówó Jápáànì wà lọ́wọ́ òun, ₦14,500. Ó ní òun fẹ́ mú tèmi wọlé láti fi wọn ìwọ̀n rẹ̀, kí òun sì so orí wáyà rẹ̀ mọ́ tuntun. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mo gbọ́ ọ tó ń fọ́n nǹkan, ṣìì, ṣìì. Mo gbọ́ ọ! N kò dìde. Kí ló dé tí n kò dìde? Ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbé fáànù dúdú kan jáde nínú nylon, ó ń dán, sítíkà rẹ̀ mọ́ rekete. Ó so ó mọ́ iná, kẹ́kẹ́ kò ró. Mo ní kó fún mi ní ti àtijọ́. Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtí ṣe? A máa bá yín dà á nù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ta ìgò ọ́ìlì kékeré kan fún mi, ₦3,500, ó ní kí n máa kán an sí i ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Mo fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì kan tí orúkọ obìnrin wà lórí rẹ̀. Kò sí rìsíìtì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́bọ̀ ni, aṣọ ẹbí méjìlélógún wà nílẹ̀ fún ayẹyẹ Sátidé, kò sí iná NEPA. Fáànù ké lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Òórùn òróró tí wọ́n fi dín àkàrà lánàá gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí a tó mọ ibi tó ti ń rùn, ínfátà ti kú. Tíránsístọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń darí iná, ló jó. ₦38,000 ni wọ́n fi tún un ṣe, ọwọ́ ni a sì fi rán ìtẹ́tí aṣọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọ̀gá tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní àdúgbò wa ló tú fáànù náà níwájú mi. Ó ṣí sítíkà, ó fi abẹ́rẹ́ mi yọ òrùka ike funfun kékeré tó di ṣáàfù, irin àárín fáànù, mú, ó fa apá fáànù tó ń yí jáde. Òwú wé mọ́ ṣáàfù náà, ó ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ nǹkan pupa rúsúrúsú tó rí bíi gọ́ọ̀mù. Mo nà án sójú iná. Òwú elésè àlùkò, irú èyí tí mo fi rán aṣọ ẹbí kan ní oṣù Kejìlá. Òwú ṣọ́ọ̀bù mi! Nínú fáànù "tuntun" láti Jápáànì! Fáànù mi ni. Fáànù tí mo fọwọ́ ara mi gbé lọ ni mo fi ₦14,500 rà padà.

Ọ̀gá yẹn ló là mí lóye. Ó ní búùṣì ló wà nínú irú fáànù yìí, idẹ tó ní ihò wínníwínní, tó ń mu ọ́ìlì pamọ́ sára. Tí ọ́ìlì yẹn bá gbẹ, ṣáàfù á máa gbá búùṣì, òun ni ariwo tí à ń gbọ́. Ọ́ìlì tó fúyẹ́ ló ń fẹ́, irú ti máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán méjì péré. Ohun tí wọ́n fọ́n sí tèmi, ó ní ó jọ èyí tí mẹkáníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà: á dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, á fọ ọ́ìlì tó ṣẹ́kù dànù, á gbẹ. Èyí tó wà nínú ìgò ₦3,500 ńkọ́? Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òróró ẹ̀pà ni. Ooru àti afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù. Èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi kán an ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Mo padà sí Ìkẹjà. Ọkùnrin náà wò mí lójú, ó ní, "Màdáámù, èmi kọ́." Kò pè mí ní Mọ́mì mọ́. Àwọn méjì tó jókòó tì í lọ́jọ́ tí mo rà á ń wo ilẹ̀. Wọ́n mọ̀! Àwọn èèyàn kan ní kí n lọ bá LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n láìsí rìsíìtì? Àwọn kan ní kí n má tìtorí ẹnìkan ba gbogbo ọlọ́jà lórúkọ jẹ́. Ta ló máa ṣa àwọn tó dára sọ́tọ̀ fún mi? Ní báyìí, n kò gba ìkankan nínú wọn gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àmì sára fáànù yín kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ má jẹ́ kó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹ gba ti àtijọ́, ìbáà bàjẹ́. Ẹ wo orúkọ àkáǹtì, ẹ gba rìsíìtì. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, kí fólítì rẹ̀, ìwọ̀n agbára iná tí wọ́n kọ sí i lára, bá ti tẹ́lẹ̀ mu: tí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 12V, ẹ má ra 24V. Tí ẹ bá fẹ́ kán ọ́ìlì, ẹ pa ínfátà, ẹ yọ wáyà bátìrì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú fáànù jáde nítorí iná ṣì lè wà nínú ínfátà náà. Ẹ ṣí sítíkà rẹ̀, ẹ nu ẹrùpẹ̀ kúrò, ẹ kán ẹ̀kán méjì sí ṣáàfù, ẹ lẹ sítíkà padà. Tó bá pọ̀ jù á máa jò. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù bérìn, irin róbótó kéékèèké, ló wà nínú rẹ̀ dípò búùṣì, tó sì ti jẹ, ọ́ìlì kò ní gbà á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ti bẹ ọmọṣẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti gba fáànù lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé tí wọ́n sì gbé "tuntun" jáde fún un, kó ṣí sítíkà rẹ̀ wò lónìí, kí ínfátà rẹ̀ tó jó.