Excel tí mo fi ń wo àwọ̀ okùn kumihimo kí n tó gé fọ́nrán

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo hun okùn olódòdó kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u. Fọ́nrán 16 ni: pupa, funfun àti àwọ̀ ewé. Gbogbo ìgbà tí mo bá hun ún tó ìka kan, àbàwọ́n ni mo ń rí dípò òdòdó, bí aṣọ tí ọmọdé da epo sí. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi kò ṣì o. Ibi tí mo to fọ́nrán sí níbẹ̀rẹ̀ ló ṣì. Ohun tó gbé mi dé ìdí fáìlì Excel yìí nìyẹn, èyí tí àwọn kan ṣe láti fi bí àwọ̀ okùn yóò ṣe rí hàn kéèyàn tó hun ún, ó sì ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lò ó.

Ẹni tí kò bá mọ kumihimo, okùn híhun àwọn ará Jàpáánì ni. Òun ni wọ́n fi ń so ìhámọ́ra àwọn sàmúráì pọ̀ láyé àtijọ́, òun náà sì ni obijime tí wọ́n ń so mọ́ orí ọ̀já kímónò títí dòní. Àwọn ọ̀gá ń hun ún lórí marudai, ìyẹn àpótí onígi roboto tó ní ihò láàárín, tí igi tó wúwo tí wọ́n ń ká fọ́nrán sí, tó ń jẹ́ tama, sì ń fa fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èmi ò lówó marudai. Awo fóòmù tí wọ́n la ẹnu 32 sí létí ni tèmi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọ̀ kì í jókòó síbi tó o fi í sí. Nínú kongō gumi oní-fọ́nrán 8, ìyẹn oríṣi ìhun kumihimo kan, méjì-méjì ni wọ́n ń kọjá ara wọn, lẹ́yìn náà wàá yí awo. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin kí gbogbo wọn tó rìn tán lẹ́ẹ̀kan. Pupa mẹ́rin, funfun mẹ́rin: tò ó báyìí, á lọ́ yíká okùn, pààrọ̀ ipò méjì péré, ó ti di àmì tótòtó. Ẹni tó ń di ṣùkú ń rí ibi tí irun ń lọ. Ní tiwa, ìsàlẹ̀ ihò ni okùn ń gbà yọ, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nínú fáìlì náà, àpótí kéékèèké wà lókè, wọ́n tò wọ́n yíká bí awo. Mo tẹ P fún pupa, F fún funfun, àwòrán okùn ìsàlẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbìyànjú oríṣi tó lé ní 20 láìgé fọ́nrán kan. Mo tú fọ́múlà rẹ̀ wò, kò sí idán ńbẹ̀: àpótí kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán kàn ń béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ èyí tó ni ín lókè. Nítorí pé wọn ò tì í pa, èmi fúnra mi fi D kún un fún dúdú.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni apá tó kọjú sí. Ó gbà pé fọ́nrán ọ̀tún òkè ló ń sọ̀ kalẹ̀, tí òsì ìsàlẹ̀ ń gòkè. Òdìkejì ni wọ́n kọ́ mi, kò sì sí ìlà kan tó kìlọ̀ fún mi. Mo hun okùn méjì fún ẹ̀gbà ọwọ́, ọ̀kan bí àwòrán náà ṣe wí, ọ̀kan bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n: ọ̀kan lọ́ sọ́tùn-ún, èkejì lọ́ sósì. Ọ̀rẹ́ mi tí mo hun ún fún ní ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Inú mi ò dùn.

Kò sì ń ṣírò gígùn; ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo fẹ́ ni mo máa ń gé. Lórí fóònù, àwòrán náà á fẹjú bí ẹní, kọ̀ǹpútà ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi takadai, ìyẹn férémù onígi mìíràn, hun okùn pẹlẹbẹ kò ní rí nǹkan kan mú ńbẹ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ìràwọ̀ mẹ́rin.

Okùn olódòdó yẹn ńkọ́? Fọ́nrán àwọ̀ ewé kan ni mo fi sí ẹnu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó yẹ. Mo sún un, òdòdó yọ. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ló wà lára rẹ̀ báyìí.